Ọkọ̀ Tí Ń Ṣàìsàn Láàárọ̀

"Ẹ wò ó! Inspẹ́kítọ̀, ẹ fi ojú ara yín wò ó! Ṣé ọkọ̀ nìyí àbí ìgbín?"

Ọlábímtán ló ń pariwo báyìí láàárọ̀ kùtù, nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Kàbà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di rìmóòtù mọ́ àyà. Níwájú rẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa tó gba gbogbo ilẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan tí kò ju páálí bàtà lọ ń wọ́ ara rẹ̀ lọ síbi igun àkọ́kọ́. Ó ń kùn, ó ń fa ìdí nílẹ̀. Nígbà tó dé igun ọ̀hún, ó dúró pátápátá.

Fẹ̀hìntọlá jókòó sórí àga onírọ́bà, ó fi gèlè bo etí nítorí ọyẹ́. Ó wo ọkọ̀, ó wo ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Lókójà ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó padà wálé pé òun fẹ́ máa gbin tẹ̀tẹ̀ àti ilá, ṣùgbọ́n ìlú ò gbà fún un. Ewúrẹ́ tó sọnù, fóònù tó sọnù, ọkọ tó sọnù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé gbogbo rẹ̀ wá. Ìjọba gba aṣọ iṣẹ́ lára rẹ̀ lóòótọ́, wọn ò rántí gba imú.

"Nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀, Tíṣà?" ó béèrè. Gbogbo ìlú ló ń pe Ọlábímtán ní Tíṣà, torí kò sí ilé kan tí kò ti na ẹnìkan rí nílé ìwé.

"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ sì wá gbọ́ èyí tó burú jù. Tó bá di ọ̀sán, ara rẹ̀ á yá! Á máa sáré, á máa yí igun wẹ́rẹ́. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, àìsàn tún dé. Ẹnìkan ló ń bà á jẹ́ láàárọ̀, tó ń sáré tún un ṣe lọ́sàn-án nígbà tó bá rí i pé èrò ti ń dé. Mo sì mọ ẹni náà."

"Ta ni?"

"Benjamin."

Gbádéyan, alága ẹgbẹ́, tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, dá ìgbálẹ̀ dúró.

Ẹni tí kò bá mọ àwọn àgbà wọ̀nyí lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ Gbádéyan tó wà lókè òkun ló kọ́kọ́ fi ọkọ̀ onírìmóòtù kan ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bàbá gbà á lọ́wọ́ wọn pé òun fẹ́ wò ó, kò dá a padà mọ́. Kó tó pẹ́, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nílùú ti ní tiwọn. Tí ọyẹ́ bá dé, tí eruku ìta ò jẹ́ kéèyàn mí, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ń kó ọkọ̀ wọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ o. Ó máa ń di táyà mú gírígírí, ọkọ̀ tó bá sì fi ìkanra wọ igun, dandan ni kó dojú dé. Nítorí náà ni kálukú ṣe ń tún tirẹ̀ ṣe kó lè máa rìn jẹ́jẹ́. Ẹnìkan á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó sún mọ́ ilẹ̀, ẹlòmíràn á da òróró tó ki sínú gíà kó má bàa máa ta kiri. Ẹni tó bá rọra lórí kápẹ́ẹ̀tì ni yóò débi tó ń lọ.

"Tíṣà," ni Gbádéyan wí, "Benjamin ló dúró tì yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín. Ẹ̀yin lẹ sọ ọmọ rẹ̀ ní Testimony."

"Òun náà ló ń mú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí à ń kó ọkọ̀ sí lọ́wọ́. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń lé ipò kìíní. Ọjọ́ Sátidé làwọn ará Ìsánlú ń bọ̀ wá bá wa díje. Tí Benjamin bá ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yìí lọ́jọ́ náà, àgọ́ ọlọ́pàá ni mò ń lọ. Èmi àti ẹ̀ ò sì ní bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ láyé yìí."

Ohùn rẹ̀ já níbi tó ti sọ ìyẹn. Fẹ̀hìntọlá rí i pé kì í ṣe ìbínú nìkan ló ń dà á láàmú. Ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà, torí téèyàn bá pàdánù ọ̀rẹ́ àtikékeré lẹ́yìn tórí ti hewú, níbo ló ti fẹ́ rí òmíràn?

"Ẹ fún mi láyè dọjọ́ Sátidé," ó wí.

*

Benjamin wà lóko kaṣú rẹ̀ lọ́nà Iyah-Gbede, ó ń gbá ewé gbígbẹ kúrò lábẹ́ igi nítorí iná oko. Ọkùnrin gíga ni, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù ná ọjà Kánò fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jókòó ti oko.

"Okun o, Benjamin," ni Fẹ̀hìntọlá kí i, bí wọ́n ṣe ń kíra ní Kàbà.

"Okun o, Ìyá. Ṣé ẹ wá mú mi ni?"

"Ṣé ó yẹ kí n mú yín?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń gbá ewé rẹ̀ lọ.

"Ṣé ẹ fọwọ́ kan ọkọ̀ Tíṣà?"

"Kí lòun sọ?"

"Ó ní ẹ̀yin ni."

"Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Benjamin, wọ́n á lé yín kúrò nínú ẹgbẹ́ o."

"Kí wọ́n lé mi."

"Ọ̀rẹ́ yín ò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́."

Ìyẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó fara ti igi kaṣú kan, ó ń wo òdòdó wẹ́wẹ́ tó ń yọ lórí ẹ̀ka. Ó fa kọ́kọ́rọ́ kan yọ lápò, ó nà án sí i.

"Ẹ bá mi fún Alága. Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ọkọ̀ náà, ṣé ó ṣì ń dojú dé?"

"Rárá. Látọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò dojú dé rárá."

"Ẹ ṣé," ni Benjamin wí. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fìrí, ó sì padà sídìí ewé rẹ̀.

Fẹ̀hìntọlá wọ mọ́tò àtijọ́ rẹ̀, kò tètè ṣíná. Ó ti fọ̀rọ̀ wá oríṣiríṣi èèyàn lẹ́nu wò láyé rẹ̀. Ó ti rí èyí tó ń sunkún, èyí tó ń ṣépè, èyí tó ń fi Bíbélì àti Kùránì búra pọ̀. Kò tíì rí ẹni tí wọ́n ní ó ba nǹkan jẹ́, tó gbọ́ pé nǹkan náà ò bàjẹ́, tó wá ń dúpẹ́.

*

Ó dé gbọ̀ngàn, ó ní kí Gbádéyan gbé ọkọ̀ náà wá síbi ìmọ́lẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán. Ó fi èékánná họ ọ́, ó le.

"Gúlúù nìyí," ó wí.

"Gúlúù kẹ̀! Kái! Wọ́n fẹ́ lẹ táyà pa ni!" Gbádéyan ti ń ti apá aṣọ sókè bí ẹni fẹ́ jà.

"Ẹ rọra, Alága. Ta ló ń ta gúlúù nítòsí?"

Babátọ́pẹ́ ni, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkòríta. Òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yìn Ọlábímtán àti Benjamin ló sì máa ń wà nígbà gbogbo. Fẹ̀hìntọlá ti rò ó dáadáa kó tó débẹ̀: bí ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì bá ń jà, ta ni yóò gba àárín wọn kọjá?

"Ìyá, ẹ má fojú yẹn wò mí o," ni Babátọ́pẹ́ wí, láì gbé ojú kúrò lára fóònù tó tú sílẹ̀. "Gúlúù kì í ba ọkọ̀ jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ táyà ló ń bu kápẹ́ẹ̀tì jẹ lójú igun tí ọkọ̀ fi ń ta kìtì. Tẹ́ ẹ bá fi gúlúù pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á le, á wá máa yọ̀ kọjá. Ẹni tó ṣe é fún Tíṣà ràn án lọ́wọ́ ni. Èmi ò lè ṣe é. Mo gbádùn kí ọkọ̀ wọn máa ṣubú, kí èmi náà lè ríbi kọjá."

"O ò tilẹ̀ tijú."

"Wọ́n ní kí n máa sọ òótọ́ fún ọlọ́pàá."

Fẹ̀hìntọlá rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé òun máa rẹ́rìn-ín. "Ta ló rà á lọ́wọ́ ẹ?"

"Bàbá Testimony."

Benjamin náà ni. Gbogbo ọ̀nà ń já sẹ́nu ilé ọkùnrin kan náà, ìyẹn gan-an ni kò sì tẹ́ Fẹ̀hìntọlá lọ́rùn.

"Kí ló tún rà?"

"Ó béèrè òróró gíà, èyí tó ki dáadáa. Mo ní kò sí nílẹ̀, ó di kí n ránṣẹ́ sí Èkó. Kò tíì dé."

"Títí di òní?"

"Wálàhí, kò tíì dé. Àwọn awakọ̀ ní àwọn ò rí páálí mi."

Fẹ̀hìntọlá dìde lórí bẹ́ǹṣì. Gíà ọkọ̀ ọ̀hún ti ki, òun fúnra rẹ̀ ti fi ìka yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ láàárọ̀, ó rí bó ṣe le. Tí òróró ò bá tíì kúrò l'Ékòó, kí wá ló wà nínú rẹ̀?

*

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọyẹ́ bo àwọn òkè tó yí ìlú ká, kò sẹ́ni tó lè rí orí wọn. Fẹ̀hìntọlá fi kọ́kọ́rọ́ tó gbà lọ́wọ́ Benjamin ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó tẹ rìmóòtù. Ọkọ̀ kérora, kò fẹ́ rìn. Ó gbé e jáde, ó gbé e kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn níwájú gbọ̀ngàn, ó fa àga tì í, ó jókòó.

Gbádéyan ra àkàrà àti ògì gbígbóná wá.

"Kí la ń dúró dè, Ìyá?"

"Ẹni tó ń tún un ṣe lọ́sàn-án."

"Hàbá! Ṣé á wá bó ṣe rí wa báyìí? Nígbà wo ló ń bọ̀?"

Fẹ̀hìntọlá na àkàrà sókè. "Ó ti ń yọ bọ̀ nìyẹn."

Gbádéyan wo òkè, kò rí ẹnì kankan àfi oòrùn tó ń rọra la ọyẹ́ kọjá. Ó rò pé ọgbọ́n ti pọ̀ jù lórí obìnrin náà, ó sì ń bá ògì rẹ̀ lọ.

Wọ́n jókòó títí oòrùn fi mú àtẹ̀gùn gbóná. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọkọ̀ náà, yàtọ̀ sí adìẹ kan tí Gbádéyan fi bàtà lé. Nígbà tó yá, Fẹ̀hìntọlá gbé e wọlé, ó tẹ rìmóòtù. Ọkọ̀ sáré. Ó wọ igun àkọ́kọ́ láì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ ìkejì, ó yí gbọ̀ngàn po jẹ́jẹ́ bí ẹni ń fi ọwọ́ pa orí ọmọ tó ń sùn.

"Ṣé oòrùn ni Benjamin ń bá dìtẹ̀ ni?" Gbádéyan béèrè, ẹnu rẹ̀ ò lè pa dé.

Fẹ̀hìntọlá mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tú sùkúrù, ó tú ìdérí gíà. Nǹkan kan tó rọ̀, tó funfun díẹ̀, tó pọ́n díẹ̀, wà nínú rẹ̀. Ó fi ìka kan án, ó gbé e símú.

"Òrí," ó wí.

"Òrí tí à ń fi para?"

"Òun náà. Otútù mú un lóru, ó dì. Ooru pa á lọ́sàn-án, ó yọ́. Alága, kò sẹ́ni tó ń ba ọkọ̀ yìí jẹ́ láàárọ̀. Ọyẹ́ ni."

Gbádéyan jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Fẹ̀hìntọlá gbé rìmóòtù sí i lọ́wọ́, ó fi bọ́tìnnì róbótó kan hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti yí i wálẹ̀ dé ibi tó kéré jù.

"Kí lèyí wà fún?" ni Fẹ̀hìntọlá béèrè.

"Òun ló ń sọ bí ọkọ̀ ṣe máa gbọ́ràn sí. Tó bá wà lókè, téèyàn bá mí lásán, ọkọ̀ á yà. Tó bá wà nísàlẹ̀ báyìí, ọwọ́ lè mì díẹ̀, ọkọ̀ ò ní mọ̀."

Fẹ̀hìntọlá gba rìmóòtù padà, ó tún bọ́tìnnì náà wò. Ọ̀rọ̀ náà ń yí lọ́kàn rẹ̀.

"Alága, ẹ bá mi rò ó. Ọ̀tá á fẹ́ kí táyà máa bu kápẹ́ẹ̀tì jẹ, ẹni yìí fi gúlúù pa á. Ọ̀tá á yí bọ́tìnnì yìí sókè kí ọkọ̀ máa ta gìrì, ẹni yìí yí i wálẹ̀. Ó wá fi òrí sí gíà kó lè máa rọra. Gbogbo ohun tó ṣe, torí kí ọkọ̀ má bàa ṣubú ni."

"Oore wá ni?"

"Oore ni. Benjamin sì ti wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ Kánò nínú ọyẹ́ tó ju èyí lọ. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fi òrí sí gíà lásìkò ọyẹ́? Ó ń dúró de òróró Èkó. Ẹlòmíràn wà tí kò lè dúró."

"Tó bá jẹ́ oore, kí ló dé tí wọn ò sọ?"

"Ìyẹn ni mò ń lọ wò," ni Fẹ̀hìntọlá wí, ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

*

Ilé Ọlábímtán ló lọ tààrà. Tíṣà jókòó sí pálọ̀, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò súwẹ́tà. Ìyàwó rẹ̀, Ayọ̀kẹ́mi, ọmọ Odo-Ape, aránṣọ tí gbogbo ìlú mọ̀, jáde wá láti ẹ̀yìnkùlé.

"Okun o, Ìyá. Ẹ jókòó. Mo ń gbé tíì bọ̀."

"Ẹ ti mú un?" Ọlábímtán béèrè.

"Mo ti ń sún mọ́ ọn."

"Ẹ má ṣàánú rẹ̀ nítorí èmi." Ó sọ ọ́ tìbínú-tìbínú, lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ó sọ nǹkan kan nípa mi?"

"Ó béèrè bóyá ọkọ̀ yín ṣì ń ṣubú."

"Ẹ rí i! Ìkà!"

Ayọ̀kẹ́mi gbé tíì wọlé. Ife àlejò kún dé ẹnu. Ife ọkọ rẹ̀ fẹ̀, ó wúwo, tíì inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Fẹ̀hìntọlá rí i. Ó gbé iṣu wá. Ti àlejò wà bó ṣe yẹ kí iṣu wà, ti Ọlábímtán ti di wẹ́wẹ́ nínú abọ́ jíjìn, wọ́n fi ṣíbí lé e. Ìyẹn náà, ó rí i. Ó wá gbé ojú sókè wo fèrèsé, ó wo aṣọ tó wà lórí okùn níta. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì Tíṣà ló ní sípì níwájú, ojú ibi tí bọ́tìnnì wà tẹ́lẹ̀ ṣì hàn lára èyí tó ti pẹ́.

"Ayọ̀kẹ́mi ò tiẹ̀ bìkítà fún ọ̀rọ̀ yìí," Ọlábímtán ń sọ. "Ó ní eré ọmọdé ni."

Ayọ̀kẹ́mi tẹrí ba, ó gbé àwo òfìfo jáde.

Fẹ̀hìntọlá gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé yìí tó sọ pé nǹkan kan ń ṣe ọwọ́ ẹnì kankan. Ẹnìkan kàn ń lọ níwájú ọkùnrin yìí láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń kó gbogbo ohun tó lè tú àṣírí rẹ̀ kúrò lọ́nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láì jẹ́ kó mọ̀. Ẹni tó bu tíì dé ìdajì ife ni ẹni tó yí bọ́tìnnì rìmóòtù wálẹ̀. Ọwọ́ kan náà ni.

Fẹ̀hìntọlá ní òun fẹ́ lọ kí ìyàwó lẹ́yìnkùlé.

*

Ẹ̀rọ ìránṣọ ń sáré nígbà tó dé abẹ́ àtíbàbà.

"Ìyàwó, ta ló kọ́ ẹ pé kí o fi òrí sínú gíà?"

Ẹ̀rọ dúró. Ayọ̀kẹ́mi ò yíjú padà.

"Òrí wo, Ìyá?"

"Mo ti rí i. Mo rí ife, mo rí iṣu, mo rí sípì. Má yọ ara rẹ lẹ́nu, mi ò wá bá ẹ jà."

Obìnrin náà gbé iwájú orí lé ẹ̀rọ rẹ̀, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Fẹ̀hìntọlá fà á mọ́ra, ó jẹ́ kó sunkún dáadáa.

"Láti ọdún tó kọjá lọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n," ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ó rò pé mi ò mọ̀. Tí ọkọ̀ bá ṣubú ní gbọ̀ngàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Tó bá délé, á wọ yàrá, á jókòó, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo lọ bá Bàbá Testimony. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ní kí n má wulẹ̀ ṣàlàyé, òun náà ti rí i. Ó fi gúlúù pa táyà, ó fi bọ́tìnnì rìmóòtù hàn mí, mo yí i wálẹ̀, ó ní òróró tó ki ló kù. Òróró ò dé, àwọn ará Ìsánlú sì ń bọ̀. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé mo fẹ́ nu ọkọ̀ náà, ni mo bá fi òrí sí i."

"Kí ló mú ẹ ronú kan òrí?"

"Ìyá mi, aṣọ ló ń hun ní Odo-Ape. Tí igi òfì bá ń ha, òrí ló fi ń pa á, á sì máa lọ wẹ́rẹ́. Mo ní ohun tó ń mú òfì lọ á mú ọkọ̀ lọ." Ó nu imú. "Mo gbàgbé pé lásìkò ọyẹ́, ìdí iná ni ìyá mi ti ń hunṣọ."

Fẹ̀hìntọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ sí i lójú.

"Nígbà tó wá fẹ̀sùn kan Benjamin, kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo fẹ́ sọ! Mo lọ bá a lóko pé mo fẹ́ sọ. Ó ní, 'Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kó bínú sí mi. Ìbínú á tán lọ́jọ́ kan. Tó bá jẹ́ pé ojú ló tì í, ilé ló máa tì mọ́ ara rẹ̀.' Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un. Ọwọ́ yẹn ni gbogbo iyì tó kù sí i lójú ara rẹ̀."

"Tí mi ò bá sọ, ó di ọjọ́ Sátidé, kò ní Benjamin mọ́." Fẹ̀hìntọlá rọra sọ ọ́. "O ti ń bá a gbé nǹkan kúrò lọ́nà látọdún tó kọjá. Ṣé wàá gbé Benjamin náà kúrò?"

Adìẹ kan wá ṣa òwú lẹ́sẹ̀ Ayọ̀kẹ́mi, kò lé e. Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó dìde.

"Èmi fúnra mi ni mo máa sọ ọ́," ó wí.

*

Ó wọ pálọ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú àga ọkọ rẹ̀. Fẹ̀hìntọlá dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé, kò sì lè lọ.

"Èmi ni mo fọwọ́ kan ọkọ̀ yín," ni Ayọ̀kẹ́mi wí.

"Ìwọ?" Ọlábímtán rẹ́rìn-ín. "Kí nìwọ mọ̀ nípa ọkọ̀? Torí kí ni?"

Ayọ̀kẹ́mi na ọwọ́ sí àpò súwẹ́tà rẹ̀, ó fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde, ó dì wọ́n mú lórí itan. Wọ́n ń gbọ̀n. Ọlábímtán fẹ́ fà wọ́n padà, Ayọ̀kẹ́mi ò fi sílẹ̀. Ó tún fẹ́ fà wọ́n, agbára rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti ń dọ́gbọ́n jáde kúrò ní yàrá kí n má bàa rí bí ẹ ṣe ń de bọ́tìnnì."

Ó wo àyà ara rẹ̀, ó wo sípì tó wà níbẹ̀, bí ẹni pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Mo rò pé àṣà tuntun ni," ó wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní béèrè."

"Benjamin ńkọ́?"

"Òun náà mọ̀. Kó tó di pé mo sọ fún un ló ti mọ̀."

"Ó mọ̀." Ọlábímtán ń wá ọ̀rọ̀. "Ó mọ̀, ó wá jẹ́ kí n máa pe òun ní ìkà?"

Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, torí ìyàwó rẹ̀ ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó pẹ́, ó gbé ojú sókè sí ẹnu ọ̀nà.

"Inspẹ́kítọ̀, ṣé mọ́tò yín ṣiṣẹ́?"

*

Láti Kàbà títí dé ọ̀nà oko, Ọlábímtán ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu nínú mọ́tò. Ó máa bẹ̀rẹ̀ látorí ìgbà tí wọ́n jọ wà nílé ìwé. Ó máa sọ pé àgbà òun ò gbọ́n. Ó máa dọ̀bálẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ayọ̀kẹ́mi jókòó tì í, ó ń bá a gé e kúrú níbi tó bá ti gùn jù.

Benjamin gbọ́ ìró mọ́tò, ó jáde sẹ́nu ọ̀nà ahéré. Nígbà tó rí ẹni tó ń bọ̀, ó dúró gbagidi. Ó jọ pé ọlọ́pàá ló rò pé wọ́n mú wá.

Fẹ̀hìntọlá àti Ayọ̀kẹ́mi ò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń wo Ọlábímtán bó ṣe ń rìn lọ láàárín àwọn igi kaṣú, ó ju ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò fi wọ́n pamọ́. Ó dé iwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó la ẹnu, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò látìlú sì fọ́n ká. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sáàárín wọn.

"Benjamin," ó wí, "ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Mo mọ̀," ni Benjamin wí. "Wọlé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣu kaná ni."

Ó di ọwọ́ náà mú, méjèèjì, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n fi wọlé.